Ìpàdé Ẹgbẹ́ Ọmọ Ìlú Ló Kọ́ Mi Ní Òṣèlú

Ìbéèrè kan wà tí àwọn èèyàn wa kì í yéé bi mí, pàápàá lóde àríyá, tí wọ́n bá ti gbọ́ pé mo ń ṣe káńsẹ́lọ̀ ní London níbí. Wọ́n á ní, "Àǹtí Dókítà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé kàwé títí tẹ́ ẹ wá ń kọ́ àwọn òyìnbó ní yunifásítì, kí lẹ wá dé ìdí òṣèlú?" Ẹ máa rò pé olè ni wọ́n ká mọ́ mi lọ́wọ́. Mi ò kí ń bínú sí wọn o, mo mọ irú òṣèlú tí wọ́n ní lọ́kàn, èmi náà gbé nílé rí. Àmọ́ ìdáhùn mi gùn, kò ṣeé sọ níbi tí orin ti ń ké lápá ọ̀tún tí wọ́n ń gbé àmàlà bọ̀ lápá òsì, ìyẹn ni mo ṣe ní kí n kúkú jókòó kọ ọ́ sílẹ̀.

Bàbá mi dé London ní 1967, màmá mi dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọmọ Ìlá Òràngún làwọn méjèèjì. Ọdún márùn-ún péré ni wọ́n fẹ́ lò, kí bàbá mi ka àkáǹtì tán, kí wọ́n gba sáàtífíkéètì, ó di ilé. Gbogbo àwọn ẹgbẹ́ wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ilé ni àbọ̀ sinmi oko, kò sẹ́ni tó gbèrò àtidàgbà sí ìlú òtútù. Bàbá mi ń kàwé lọ́sàn-án, ó ń to lẹ́tà lálẹ́, màmá mi ń ránṣọ ní ilé iṣẹ́ aláṣọ, ta ló máa wá gbọ́mọ? Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí wọ́n bí ní 1969, ọ̀dọ̀ ìdílé òyìnbó kan ní Kent ni wọ́n gbé e sí, wọ́n ń san owó ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn ọmọ ìwòyí ò ní mọ̀, àmọ́ ohun tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà àti Ghana ṣe nígbà náà nìyẹn, ìwé ìròyìn kan wà tí wọ́n ń pè ní Nursery World, inú ẹ̀ ni wọ́n ti ń polówó pé àwọn ń wá ẹni tó máa báwọn tọ́jú ọmọ. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi fi máa padà wálé, kò gbọ́ Yorùbá kankan, màmá mi ló ń pè ní àǹtí. Títí dòní, tí ọ̀rọ̀ yẹn bá ti fẹ́ yọjú, màmá mi á dìde lọ sí kíṣìnnì.

Èmi ni wọ́n wá bí ní 1972, wọ́n ní ti èmi ò ní rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, wọ́n di ẹrù mi, ó di Ìlá, lọ́dọ̀ ìyá ìyá mi. 1983 nìyẹn, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú UPN ṣì wà, Ìlá ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ torí 1991 ni wọ́n tó dá Ọ̀ṣun sílẹ̀. Ọdún ìbò ni. Bọ́lá Ìgè ni gómìnà, Bísí Àkàndé tó jẹ́ igbákejì ẹ̀, ọmọ Ìlá ni, torí náà kò sí ìdí ọpọ́n ayò tí wọn ò ti ń jà sí ọ̀rọ̀ òṣèlú, àgbàlagbà á bọ́ fìlà sọ́wọ́ á máa búra. Ẹnu yà mí gan-an ni. Ìdí ni pé mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ òṣèlú lẹ́nu àwọn òbí mi rí ní London, àyàfi tó bá jẹ́ ti Nàìjíríà. Ìjọba Thatcher ló sì wà níbẹ̀ nígbà yẹn o, láti 1980 ni wọ́n ti ṣòfin pé ẹni tó ń gbé ilé kánsù, ìyẹn ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ fi ń háyà fáwọn aráàlú, lè rà á ní ẹ̀dínwó ńlá, gbogbo àwọn òyìnbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló ń rà. Bàbá mi ò rà. Ó ní kí lòun fẹ́ fi ilé òyìnbó ṣe nígbà tóun ń kọ́ ilé ní Ìlá.

Ilé Ìlá yẹn náà wá ní ìtàn tiẹ̀. Nígbà tí Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé ní 1986 tí náírà já wálẹ̀, pọ́n-ùn tí bàbá mi ń fi ránṣẹ́ wá ń di owó gidi, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í yára gòkè, wọ́n kan òrùlé, wọ́n ṣe sílìn, àmọ́ iṣẹ́ tó fẹ́ wá fi sáàtífíkéètì ẹ̀ ṣe nílé ti di iṣẹ́ tí owó oṣù ẹ̀ ò lè ra táyà mọ́tò. Ilé ń parí lọ, ẹni tó fẹ́ gbé e ò lè wá. Àwọn dókítà àtàwọn lẹ́kíṣọ̀ tó wà nílé gan-an ló ń sá jáde.

Mo padà sí London ní 1990. Páásípọ́ọ̀tù òyìnbó wà lọ́wọ́ mi, torí wọ́n ti bí mi síbẹ̀ kí òfin tó yí padà ní 1983, mo rò pé ó ti parí, àṣé kò tíì. Wọ́n ní ẹni tí kò bá tíì fi ọdún mẹ́ta gbé ìlú náà léraléra, kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìrànwọ́ ìjọba láti lọ yunifásítì, iye tí àlejò ń san ló máa san. Ni mo bá tẹ̀lé màmá mi lọ síbi iṣẹ́ klínìn. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì òru tó ń lọ sí àárín ìlú ní aago mẹ́rin ìdájí kẹ́ ẹ wò ó: Yorùbá, ará Ghana, ará Colombia, gbogbo wọn á gbórí lé gíláàsì fèrèsé, wọ́n á máa sùn, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa sùn kọjá bọ́sítọ́ọ̀pù ẹ̀. A ti máa nu tábìlì àwọn tó ń ṣèpinnu tán kí wọ́n tó dé. Màmá mi máa ń ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára pátákó funfun inú yàrá ìpàdé wọn kó tó nù ún, ó ní èèyàn ò mọ ohun tó máa wúlò lọ́la.

Ọdún 1992 ni ìjọba sọ àwọn pólì di yunifásítì, ọ̀kan nínú wọn ni mo wọ̀ lọ́dún kejì. Ìtọ́jú ìlera aráàlú ni mo kà. Nígbà tó di pé kí n ṣe PhD, orí ọ̀rinrin àti mọ́ọ̀dù ni mo ti ṣe é, ìyẹn dúdú dúdú tó máa ń hù lára ògiri àwọn fúláàtì, àti bó ṣe ń bá ásímà àwọn ọmọdé tan. Inú ilé tó ní i ni mo dàgbà sí, mo rántí òórùn ẹ̀. Mo di lẹ́kíṣọ̀, mo ń kọ ìwé ìwádìí, wọ́n ń pè mí síbí síbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ òṣèlú ti wọlé nìyí. Kánsù kan pè mí pé kí n wá fi ohun tí mo mọ̀ ṣàlàyé fún ìgbìmọ̀ wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fún mi. Mo sọ tèmi, wọ́n dúpẹ́, wọ́n gbọ́wọ́ sókè, wọ́n sì fọwọ́ sí ohun tí wọ́n ti fẹ́ fọwọ́ sí kí n tó dé. Inú mi ò tiẹ̀ bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀, torí mo mọ ohun tí mo ń wò. Mo ti rí i láti kékeré nínú họ́ọ̀lù ṣọ́ọ̀ṣì, níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sílùú òyìnbó, ẹ mọ ìpàdé yẹn. Ọjọ́ Sátidé, aago méjì ni wọ́n kọ sínú lẹ́tà, aago mẹ́rin ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọdé á máa sá kiri láàárín àga, kúlà ìrẹsì á wà lẹ́yìn. Bàbá mi ni akọ̀wé, màmá mi ni akápò. Ní alẹ́ Jímọ̀, bàbá mi á jókòó ti tẹlifóònù, á máa pe àwọn àgbààgbà lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ tábìlì ilé ìwé yẹn máa wá lọ́la o, ẹ ò ní jẹ́ kójú tì mí." Wọ́n á kí ara wọn, wọ́n á béèrè ẹbí, ẹ̀gbọ́n á ní "Mo gbọ́, àmọ́ ẹ má dárúkọ iye owó níbẹ̀rẹ̀." Tó bá máa fi di Sátidé, ọ̀rọ̀ ti parí, ariwo tí wọ́n ń pa ní họ́ọ̀lù, kí gbogbo èèyàn lè sọ pé àwọn sọ̀rọ̀ ni. Bàbá mi wá máa ń sọ pé ohun tí kò bá sí nínú mínítì, kò ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí alága sọ nínú ìbínú, bàbá mi lè kọ ọ́ pé "alága gba ilé nímọ̀ràn." Ẹni tí wọ́n borí, bàbá mi máa ń wá ibi kan nínú mínítì tó máa kọ ọ́ sí pé wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni náà. Màmá mi ní tiẹ̀, ìwé exercise aláwọ̀ búlúù kan ló ní, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba owó, ẹ ò ní gbà á láì jẹ́ pé èèyàn méjì fọwọ́ sí i, kódà kó jẹ́ alága, á ti ìwé náà sí iwájú ẹ̀, á gbé báírò lé e lórí, á wá máa wo ibòmíràn títí onítọ̀hún á fi fọwọ́ sí i.

Nítorí náà nígbà tí mo wọ ẹgbẹ́ òṣèlú (mi ò ní sọ èwo, ìjà la ò fẹ́), tí mo rí i pé àwọn káńsẹ́lọ̀ ẹgbẹ́ kan náà máa ń ṣe ìpàdé tiwọn lábẹ́lẹ̀ kí ìpàdé kánsù gangan tó wáyé, tí wíìpù, ìyẹn ẹni tó ń rí i pé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dìbò bákan náà, sì máa ń pe èèyàn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo rẹ́rìn-ín. Jímọ̀ alẹ́ bàbá mi ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní yunifásítì máa ń pe nǹkan bẹ́ẹ̀ ní màgòmágó, wọ́n gbà pé inú ìpàdé ló yẹ kí èèyàn ti fi ẹ̀rí borí. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ o. Ẹni tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó yí ọkàn padà, ẹ lọ bá a níbi tí ojú ò ti ní tì í.

May 2018 ni ìbò kánsù London, gbogbo borough 32, ìyẹn àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀, ló ń dìbò lọ́jọ́ kan náà lọ́dún mẹ́rin mẹ́rin. A rìn, ẹsẹ̀ mi bó. Mo rántí mọ́mì kan ní àjà kẹrin ilé kan tí líìfìtì ẹ̀ ò ṣiṣẹ́. Mo kan ilẹ̀kùn, mo sọ̀rọ̀ lóyìnbó, kò dáhùn, mo kàn ń gbọ́ tẹlifíṣọ̀n. Orúkọ Yorùbá ni mo rí nínú ìwé, ni mo bá ní, "Ẹ kú ilé o mà, ẹ má bínú, ọmọ yín ni." Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀, ṣéènì ṣì wà lára ẹ̀.

"Ọmọ ibo ni ẹ́?"

"Ọmọ Ìlá Òràngún ni mí mà."

"Ìlá! Ọkọ mi sìnrú ìlú ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ yẹn. Wọlé, wọlé. Ó dáa, owó kí lẹ wá gbà?"

Mo ní kì í ṣe owó, ìbò ni. Ló bá gbé ọwọ́ sórí: "Ìbò kẹ̀? Ọmọ mi ló forúkọ mi síbẹ̀, mi ò dì í rí. Èmi tí páásípọ́ọ̀tù mi ṣì jẹ́ ti Nàìjíríà." Ẹ má rò pé mọ́mì yẹn nìkan ni o. Àwọn tó ti gbé London láti ọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n ń san kánsù táàsì lóṣooṣù, ni wọn ò mọ̀ pé ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth tó bá ti ní físà tàbí ìwé ìgbélùú lẹ́tọ̀ọ́ àtidìbò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìbò kánsù àti ti pálíámẹ́ǹtì pátá. Páásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé wa yẹn ti tó. Ẹni tó wá kàwé ní físà akẹ́kọ̀ọ́ náà lè dìbò. Ará Faransé àti ará Jámánì tó ti ń gbébẹ̀ látọjọ́ pípẹ́ ò ní irú ẹ̀tọ́ yẹn sí ìbò pálíámẹ́ǹtì. Nínú ètò ìkànìyàn 2021, àwọn tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tó ń gbé England àti Wales lé ní 270,000. Ẹ wá ro ó wò, ní wọ́ọ̀dù tí àwọn tó ń jáde dìbò kánsù kì í sábà tó ìdajì, ṣọ́ọ̀ṣì wa méjì péré lè yí èsì padà.

Bàbá mi dìbò lọ́dún yẹn. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tó ti wà nílùú, kò dìbò kánsù rí, orúkọ mi tó wà lórí bébà ló mú un jáde. Ó wọ agbádá lọ. Ó bi òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ bóyá òun lè mú bébà ìbò náà lọ sílé, wọ́n ní rárá o. Ó ti sùn báyìí, kí Ọlọ́run bá wa tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Kí n wá sọ bí inú kánsù ṣe rí, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bíi tilé ni. Káńsẹ́lọ̀ kì í gba owó oṣù, owó ìrànwọ́ ni, kò tó fi iṣẹ́ gidi sílẹ̀. Òfin iṣẹ́ ti 1996 sọ pé agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún èèyàn láyè láti lọ ṣe iṣẹ́ káńsẹ́lọ̀, kò sọ pé kó sanwó àkókò yẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ kánsù ló ń ṣe iṣẹ́, àwa là ń pinnu, ìpinnu yẹn náà sì ní ààlà. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó kánsù, orí ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà àtàwọn ọmọ tó wà nínú ewu ló ń lọ, òfin ló sọ ọ́ di dandan. Ohun táwọn èèyàn ń rí, ìdọ̀tí, iná òpópónà, láíbúrì, èyí tó ṣẹ́ kù la fi ń ṣe é. Tí ẹ bá fẹ́ fi kún kánsù táàsì kọjá iye tí ìjọba àpapọ̀ là kalẹ̀, ẹ máa pe gbogbo ìlú láti dìbò lórí ẹ̀ ni, kò sì sẹ́ni tó máa dìbò pé kí wọ́n bu owó lé tòun. Olórí àkáǹtì kánsù wá lágbára tó pọ̀, tó bá rí i pé owó ò ní tó, òun fúnra ẹ̀ ló máa kọ ìwé tí wọ́n ń pè ní section 114, ìnáwó tuntun á sì dúró. Croydon rí i ní 2020, Birmingham rí i ní 2023, Birmingham tó jẹ́ ọ̀kan nínú kánsù tó tóbi jù ní Yúróòpù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo jókòó ti olórí àkáǹtì tiwa, tí káńsẹ́lọ̀ kan ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun wá owó fún ibi ìṣeré ọmọdé, ṣe ló ń wo ibòmíràn. Màmá mi ni mo rí.

Iṣẹ́ tó wọ̀ mí lára jù ni ti ọjọ́ Sátidé, tí a máa ń jókòó ní láíbúrì káwọn ará wọ́ọ̀dù wá sọ ìṣòro wọn. Ilé, ilé, ilé ṣáá. Ọ̀pọ̀ ilé kánsù tí wọ́n ti ta láti 1980 ti bọ́ sọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù, kánsù tún ń padà lọ gbà á lọ́wọ́ wọn lówó gọbọi láti fi kó àwọn tí kò nílé sí. Ẹgbẹ́ tó ń ṣojú gbogbo kánsù London sọ pé tí ẹ bá kó ará London 50 jọ, ẹnì kan nínú wọn wà ní ilé onígbà díẹ̀.

Ìyá ọmọ méjì kan wá lọ́jọ́ kan, ó mú fọ́tò ògiri yàrá ọmọ ẹ̀ wá nínú fóònù. Mi ò tíì ní kó fi èkejì hàn mí tí mo ti mọ nǹkan tí mò ń wò, ìwé tí mo kọ lórí ẹ̀ kún sẹ́ẹ̀fù mi. Wọ́n ti dá a lóhùn tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní oúnjẹ tí wọ́n ń sè ti pọ̀ jù, wọ́n ní aṣọ tí wọ́n ń sá sínú ilé ló fà á, kí ó máa ṣí fèrèsé. Oṣù January o. Mo ní kó jẹ́ kí n wá wò ó. Fáànù tó yẹ kó máa fa ọ̀rinrin jáde ní báàfù ń ṣiṣẹ́, ó ń dún hùùù, òṣìṣẹ́ tó wá yẹ̀ ẹ́ wò ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé fáànù dáa. Mo já tíṣù fẹ́lẹ́ kan, mo gbé e lé ojú ẹ̀. Tí fáànù bá ń fa afẹ́fẹ́, tíṣù á lẹ̀ mọ́ ọn. Ti ibí yìí já bọ́ sínú básíà. Mo tún gbé e lé e, ó tún já bọ́, ọmọ ẹ̀ tó ń wò wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n máa wá tú u, páìpù tó yẹ kó gbé ọ̀rinrin dé ìta ò dé ibì kankan, inú àjà ló ti parí. Fáànù yẹn ti ń yí fún ara ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e síbẹ̀. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú mínítì ìgbìmọ̀ ilé, bó ṣe rí gẹ́lẹ́, tíṣù àti gbogbo ẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá gbà láti lọ yẹ gbogbo fáànù ẹ̀sítéètì yẹn wò.

Ẹ ó rántí Awaab Ishak, ọmọ ọdún méjì tó kú ní Rochdale ní December 2020 nítorí mọ́ọ̀dù inú ilé. Àwọn òbí ẹ̀ wá láti Sudan. Wọ́n sọ fún ìdílé yẹn náà pé bí wọ́n ṣe ń gbé ìgbé ayé wọn ló fà á. Ìgbà tí ilé ẹjọ́ tó ń wádìí ikú gbé èsì jáde ní November 2022, tó ní mọ́ọ̀dù ni, ìgbà yẹn ni gbogbo ìlú tó gbọ́, ìyẹn ló bí òfin tó fi orúkọ ọmọ náà pè, inú òfin ilé ti 2023 ló wà. Ó ti tó ogún ọdún táwa tá à ń kọ ìwé ìwádìí ti ń sọ ọ́.

Àwọn tó dé lẹ́nu àìpẹ́ yìí náà ní tiwọn. Láti February 2022 tí wọ́n ti ṣí físà fáwọn tó ń tọ́jú arúgbó, àwọn ọmọ wa wá gan-an, títí wọ́n fi ní kí wọ́n má kó ẹbí wá mọ́ ní March 2024. Àwọn kan dé, ilé iṣẹ́ tó mú wọn wá pàdánù láísẹ́ẹ̀sì, iṣẹ́ lọ, físà ń gbọ̀n, inú físà ni wọ́n sì kọ ọ́ sí pé wọn ò gbọ́dọ̀ gba owó ìjọba. Wọ́n á jókòó sílé pẹ̀lú ọmọ, wọ́n ń bẹ̀rù kánsù. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá mọ ẹni tó wà nínú ẹ̀, òfin àwọn ọmọdé ti 1989, section 17, sọ pé kánsù gbọ́dọ̀ wo ọ̀rọ̀ ọmọ tó wà nínú àìní, físà òbí ò sọ pé kí wọ́n má wò ó. Kí wọ́n wá lọ́yà tàbí àjọ aláàánú tó mọ ọ̀rọ̀ yìí bá wọn lọ.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ibi tó le jù fún mi, ti ṣọ́ọ̀ṣì ni. Yunifásítì Roehampton ṣe ìwádìí kan tó jáde ní 2013, ṣọ́ọ̀ṣì adúláwọ̀ 240 ni wọ́n kà ní Southwark nìkan. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní gúúsù London, inú wíáháòsì ni wọ́n wà, torí ibẹ̀ ni owó rẹ́ǹtì ti rọrùn. Àmọ́ wíáháòsì tí wọ́n kọ sínú ìwé pé ó wà fún ilé iṣẹ́, ẹ ò lè ṣàdéédéé sọ ọ́ di ilé ìjọsìn, ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ plánìn lọ́wọ́ kánsù. Ṣọ́ọ̀ṣì kan wọlé, wọ́n ti ra dúrọ́ọ̀mù, wọ́n ti kun ògiri, lẹ́tà kánsù ló kọ́kọ́ sọ fún wọn pé àṣẹ wà. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń wo irú ẹ̀. Ẹ ò mọ iye ìpè tí mo gbà. "Àǹtí, ọmọ wa ló wà níbẹ̀, ẹ kàn gbọ́wọ́ sókè ni." Pásítọ̀ fúnra ẹ̀ pè mí, ó pè mí ní Ẹ́sítérì, ó ní Ọlọ́run mọ̀ọ́mọ̀ gbé mi síbẹ̀ fún irú àkókò yìí ni.

Òfin ibẹ̀ ni pé tó o bá ti pinnu kó o tó gbọ́ ẹjọ́, o ò lè jókòó síbẹ̀. Àbúrò ọkọ mi sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Mo dìde nígbà tó kan ọ̀rọ̀ wọn, mo sọ ìdí, mo jáde lọ dúró ní kọ́rídọ̀. Àmọ́ kó tó di ọjọ́ yẹn, mo ti sọ fún wọn, bí mo ṣe máa sọ fún ẹnikẹ́ni, ohun tí òṣìṣẹ́ kánsù máa béèrè: ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ plánìn gan-an ni kí wọ́n sanwó fún, kí ẹni tó ń wọn ariwo wá wọn dúrọ́ọ̀mù wọn, ibo ni mọ́tò máa páàkì ní Sunday, aago mélòó ni ìṣọ́ òru ń parí. Wọ́n fún wọn láṣẹ onígbà díẹ̀, pẹ̀lú àdéhùn lórí ariwo. Síbẹ̀ àwọn mọ́mì kan wà tí wọn ò kí mi mọ́. Wọ́n ní mo sá nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn yé mi, nínú họ́ọ̀lù ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹni tí ọ̀rọ̀ èèyàn ẹ̀ délẹ̀ tó dìde jáde, èébú ni wọ́n máa fi pè é. Ohun kan nìyí tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ò kọ́ mi, màmá mi nìkan ló mọ̀ ọ́n, pẹ̀lú ìwé búlúù ẹ̀.

Kòrónà dé, a ṣe gbogbo ìpàdé lórí Zoom, títí òfin tó fàyè gbà á fi parí ní May 2021 tí wọ́n ní ká padà sí gbọ̀ngán. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa náà wà lórí Zoom, ìgbà yẹn nìkan ni ìpàdé wọn bẹ̀rẹ̀ lákòókò, torí pé ìsopọ̀ yẹn máa ń já fúnra ẹ̀.

Ní ti yunifásítì, mi ò di pròfẹ́sọ̀, ó dájú pé mi ò ní dì í. Ìwé tó yẹ kí n kọ wà nínú àwọn ìrọ̀lẹ́ tí mo fi wà ní kánsù. Àwọn kan ní mo fi iṣẹ́ ṣòfò. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kì í sùn ní kíláàsì mọ́, mo lè sọ fún wọn ẹni tó gbọ́wọ́ sókè àti ìdí tó fi gbé e.

Wọ́n tún yàn mí ní 2022. Nígbà ìbò méyọ̀ London ní 2024, tí wọ́n ti ní kí gbogbo èèyàn mú ìwé tó ní fọ́tò wá, àwọn màmá ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí, wọ́n ti fẹ́ jókòó sílé. Mo ní ẹ mú Freedom Pass yín, káàdì bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ yẹn, wọ́n ń gbà á. Páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà náà, wọ́n ń gbà á, kódà kó ti kú, tí ojú bá ṣì jọ fọ́tò. Màmá mi mú méjèèjì lọ, ó ní òun ò fẹ́ wàhálà.

Mo ti wá ń bẹ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú látọjọ́ pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ibi tí à ń gbé kún ohun tá à ń jíròrò, kó má jẹ́ ti Ìlá nìkan. Alága ní, "Ṣé ẹgbẹ́ kánsù la dá sílẹ̀ ni?" Mo lo ti bàbá mi fún un, mo pe àwọn àgbà lálẹ́ Jímọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, mo béèrè ẹbí. Wọ́n ti gbà báyìí, ìparí ìpàdé ni wọ́n fi sí, lábẹ́ "ọ̀rọ̀ mìíràn", ìṣẹ́jú márùn-ún. Lóṣù tó ń bọ̀, bí èèyàn ṣe ń forúkọ sílẹ̀ láti dìbò la máa kọ́kọ́ sọ, ẹ mú nọ́ńbà National Insurance yín wá, a máa ṣe é lórí fóònù níbẹ̀. Aago méjì ni o. Ẹ má dé ní mẹ́rin.